Ta Ló Wà Lọ́dọ̀ Ọmọ?

Alákàn ti rìn yí iwájú ilé ká, kò rí nǹkan kan. Ó gba abẹ́ fèrèsé yàrá Bàbá Mosún, ó gba ẹ̀gbẹ́ kànga tó ti gbẹ, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ó ń fi ẹsẹ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún ilẹ̀ wò bí ẹni tó ń gún iṣu wò nínú ìkòkò bóyá ó ti jinná. Ìjọba ní orúkọ gígùn kan tí wọ́n sọ ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n gbogbo Ìsẹ́yìn kò mọ̀ ọ́n sí nǹkan míì ju Alákàn lọ. Ilé tí Alákàn kò bá tíì rìn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rà á.

Ìyá Mosún jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó na ẹsẹ̀ tí orúnkún ń dùn ún síwájú, ó ń wò ó. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ìdí tí kò fi yẹ kó balẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé yìí, lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí. Agbo ilé ńlá lọ́hùn-ún ni wọ́n sin ìyá ọkọ àti bàbá ọkọ sí. Kò sí òkú níbí. Ohun tó sọ fún Jímọ̀ nìyẹn, ohun tí Jímọ̀ náà sì sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀," Jímọ̀ wí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni Jímọ̀. Iṣẹ́ kó máa bá èèyàn ta ilé ló ń ṣe, ẹnu rẹ̀ sì dùn débi pé bí òrùlé ilé kan bá ti ṣí, yóò ní afẹ́fẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi kún un fún ọ. "Ó ku ẹ̀yìnkùlé nìkan. Bó bá ti kúrò nídìí igi òroǹbó yẹn, iṣẹ́ parí. Á bi yín bóyá ẹ ta ilé, ẹ ó ní ẹ tà á, ọ̀rọ̀ bùṣe."

Ẹni tó fẹ́ rà á, Ọ̀gbẹ́ni Ṣàṣẹ́gbọn, dúró lẹ́bàá ògiri, ó ká ọwọ́ gbera. Ará Èkó ni, ọ̀kan nínú àwọn tí òkun lé wá sókè. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú àgọ́ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ pẹ̀lú oyún tó ti wọ oṣù rẹ̀, ọkùnrin náà sì ti wọ yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé yìí, ó ti fọwọ́ pa ògiri wọn bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ẹṣin. Ìyá Mosún fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin náà ti ṣèlérí pé ìgbàkígbà tí igi bá so, kí Màmá wá ká òroǹbó wọn lọ.

Bí kì í bá ṣe ti Ilé Ìtọ́jú, ta ni ì bá máa ta ilé? Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti da Bàbá Mosún dùbúlẹ̀, tí iyè rẹ̀ sì ń ṣí lọ díẹ̀díẹ̀, Ìjọba ló ń tọ́jú rẹ̀. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Ilé nìkan ni tọkọtaya náà sì ní, òfin sì sọ pé wọn kò ní ka ilé mọ́ ohun tí èèyàn ní, níwọ̀n ìgbà tí ìyàwó bá ṣì ń sùn sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kan ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan mọ́ àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn, èyí tó máa ń bi í ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ pé, "Ìyá Mosún, ṣé ibí lẹ ó sùn lálẹ́ òní?" Òun á ní, "Ibí ni." Lánàá, ó ní, "Mi ò mọ̀." Ẹ̀rọ náà dákẹ́, ó tan iná pupa rúsúrúsú, ó tún ìbéèrè bi. Kò ní ìdáhùn sí "mi ò mọ̀" nínú ikùn rẹ̀.

Nígbà tí Ilé Ìtọ́jú ṣì wà ní Ìsẹ́yìn níbí, wàhálà kò sí. Ìyá Mosún á gbé abọ́ ẹ̀kọ rẹ̀ láàárọ̀, á lọ fún ọkọ ní oúnjẹ, á padà wá sùn. Ìgbà tí omi Ìsẹ́yìn gbẹ ni wọ́n kó gbogbo àwọn arúgbó lọ sí Ṣakí. Ọkọ̀ tó ń fi oòrùn rìn kì í lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, orúnkún rẹ̀ kò sì gbà á mọ́. Láti ìgbà náà, ọwọ́ irin ló ń fún Bàbá Mosún lóúnjẹ. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló pa eyín pọ̀.

"Màmá, mo ti bẹ̀ ẹ́ títí," nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ti sọ lórí fóònù, ọmọbìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó ń jẹ́ Fẹ̀hìntọlá. "Kò kọ oúnjẹ lásán. Ó ń bèèrè nǹkan ni. Ó ní, 'Ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ?' Ọmọ wo ni?"

"Mosún ni," Ìyá Mosún dáhùn. "Iyè rẹ̀ ti padà sẹ́yìn ni. Ẹ sọ fún un pé Mosún ti dàgbà, ó wà ní Kánádà, òun náà ti di ìyá ọlọ́mọ."

Wọ́n sọ fún un. Kò la ẹnu. Òfin Ilé Ìtọ́jú kò sì fi bò: ẹni tí kò bá fẹ́ jẹun mọ́, wọ́n á gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì fún ẹni tó ṣì fẹ́ yè. Ọ̀la ni dókítà yóò wá wò ó.

Jímọ̀ ló mú ọ̀nà àbáyọ wá. Yàrá kan wà fún títà ní Ṣakí, lẹ́yìn ọgbà Ilé Ìtọ́jú gan-an, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí fèrèsé Bàbá. Bí Ìyá bá ta ilé yìí, tó fi owó rẹ̀ ra yàrá yẹn, tó sì sùn sínú rẹ̀ kí oṣù tó parí, òfin kò ní í bá a wí, nítorí òrùlé kan ló fi rọ́pò òmíràn. Àmọ́ bí oṣù bá parí tí owó náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní Bàbá ti di olówó, wọ́n á gbé e síta pé kó lọ tọ́jú ara rẹ̀. Ìyá Mosún ti ronú sí i títí. Inú ilé tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé, tàbí ọkọ tó bá a gbé inú rẹ̀? Ó ti yan ọkọ. Ó ti di ẹrù rẹ̀.

Alákàn dé ìdí igi òroǹbó.

"Ẹ̀yin náà rí i," Jímọ̀ ń sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ṣàṣẹ́gbọn, "ilẹ̀ yìí mọ́ bí àwo, kò sí ẹni tó—"

Ó dákẹ́ lójijì, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí Jímọ̀. Alákàn ti dúró. Ó sún sẹ́yìn, ó gún ibi tó ti gún tẹ́lẹ̀, ó tún un gún. Iná orí rẹ̀ tó ti ń tàn ní àwọ̀ ewé di pupa.

"Mo rí òkú kan," ó wí. Ohùn obìnrin ni wọ́n fi sí i lẹ́nu, ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti àwọn tó ń kéde nínú bánkì. "Ọmọdé ni. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti wà níbí. Ta ni yóò pe orúkọ rẹ̀?"

Ó ṣẹ́ iná pupa náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ̀, ilé sàréè ni ilé yìí. Ẹnikẹ́ni kò ní í tà á, Ìjọba pàápàá kò ní í gbà á. Bí kò bá sí ẹni tó pè é, màá kó egungun náà lọ sí ilẹ̀ gbogboògbò, ilé á sì di títà. Mo ń gbọ́ ohùn, irọ́ kò ṣe é pa fún mi. Màá dúró títí òjìji igi yìí yóò fi kan ògiri."

Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ abẹ́ ikùn, ó jókòó sílẹ̀. Òjìji igi kò jìnnà sí ògiri mọ́ rárá.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣàṣẹ́gbọn kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ ló fa òfin yìí, ó sì mọ̀. Nígbà tí àwọn ará etí òkun kọ́kọ́ dé, tíráktọ̀ wọn hú baba ńlá onílé kan jáde nínú ilẹ̀, ìlú dàrú, ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Alákàn ti ń rìn ṣáájú olùrà. "Màmá," ó wí jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ mọ nǹkan kan nípa rẹ̀?"

Ìyá Mosún kò gbọ́ ọ. Igi ló ń wò.

Ó ti bí ọmọkùnrin kan lẹ́yìn Mosún. Ìṣọ̀lá ni wọ́n máa ń fi oríkì pè é, ọmọ tó pupa bí epo, tí kì í jẹ́ kí adìẹ ilé sinmi. Gìrì ló mú un, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló kú sí. Bàbá Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ, ló wọlé wá gba òkú náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìró tí ìyá rẹ̀ fi ń pọ̀n ọ́n wé e, ó ní kí tọkọtaya wọ yàrá, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí ẹsẹ̀ má baà máa gbé ìyá lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Inú igbó ni wọ́n rò pé ó gbé e lọ. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, òjò tó lágbára. Ìyá Mosún kò bèèrè, kò sì sí ẹni tó dárúkọ ọmọ náà nínú ilé yẹn mọ́.

"Bàbá mi ló gbin igi yẹn," Jímọ̀ sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún wa pé àwọn ló gbìn ín. Wọn kò sọ ìdí tí wọ́n fi gbìn ín."

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ dà lé Ìyá Mosún lórí. Òjò ni kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ dé inú igbó. Ìdí igi yẹn ni ọkọ rẹ̀ máa ń gbé àga sí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó fi wà ní ilé yìí. Ọyẹ́ ni o, ooru ni o, ibẹ̀ ló wà. Òun á máa bú u pé ṣé kò sí ìjókòó nínú ilé ni, ṣé ẹ̀fọn ló fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tọrẹ fún ni. Nígbà kan tó ní kí wọ́n gé igi náà kí àyè lè gba ilé ìdáná tuntun, ọkùnrin tí kì í pariwo mọ́ èèyàn yìí fi ìbínú ju àga mọ́lẹ̀, kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí ilé ìdáná náà fi di ohun ìgbàgbé. Ó mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní láti sọ fún un. Yóò ti rí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Inú bí i. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ló kọ́kọ́ dé, ìbínú ni. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló fi jókòó ti ọmọ tí òun bí, kò pe òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí òun wá bá a jókòó! Òun sì ń da omi ìfọṣọ sí ìdí igi náà, ó ń sá aṣọ sórí ẹ̀ka rẹ̀, ó ń fi ẹ̀rín ká òroǹbó rẹ̀ jẹ.

Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, ẹ gbọ́ mi. Ẹ má sọ fún un pé kì í ṣe ọmọ yín, torí yóò gbọ́ irọ́. Ẹ ṣáà sọ pé wọn kò fi ojú oórì ọmọ kankan hàn yín rí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Kò sí irọ́ níbẹ̀ tí yóò gbọ́."

"Kí wọ́n wá kó ọmọ mi lọ?"

"Òkú ti kú, Ìyá. Ẹni tó wà láàyè ni ká gbà là. Ọ̀la ni dókítà ń bọ̀ wá wo Bàbá o. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran."

Kò sọ ọ́ bí oníṣòwò. Omi wà lójú rẹ̀. Ìyá Mosún mọ̀ pé ó fẹ́ràn Bàbá, nítorí Bàbá ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí bàbá tirẹ̀ kú. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò sì lábùkù. Àwọn tó ṣe àṣà yìí sílẹ̀ ti fi gbólóhùn náà sí i lẹ́nu láti ogójì ọdún sẹ́yìn, ó kù kó pè é jáde.

"Màmá," Ọ̀gbẹ́ni Ṣàṣẹ́gbọn wí, "mi ò fẹ́ dá sí i. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi... wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí ló máa bí. Ẹ jọ̀ọ́."

Òjìji igi ti fẹ́ kan ògiri. Ìyá Mosún gbé ara rẹ̀ nílẹ̀, orúnkún rẹ̀ ké. Ó rìn dé iwájú Alákàn, ó la ẹnu. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa, obìnrin náà fẹ́ sọ ọ́: ó ti mí kanlẹ̀, "Wọn kò" ti dé orí ahọ́n rẹ̀, nígbà tí fóònù tó so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dún.

"Màmá, ẹ má bínú," Fẹ̀hìntọlá wí. "Oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ nìyí níwájú rẹ̀. Ó kọ̀ ọ́. Mo ní kí n jẹ́ kó gbọ́ ohùn yín, bóyá... Ẹ bá a sọ̀rọ̀. Bó bá kọ ti òní náà, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún dókítà."

Ariwo ọwọ́ irin dún lẹ́yìn rẹ̀, ṣíbí kan abọ́, ó gbéra sókè, ó padà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkọ rẹ̀ dé, ohùn tó ti rí tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ?"

Ìyá Mosún di igi òroǹbó mú. Kì í ṣe Mosún. Kì í ṣe Mosún láti ìbẹ̀rẹ̀. Iyè gbogbo ti ń lọ lórí ọkùnrin náà, orúkọ rẹ̀ ti lọ, ti ìlú rẹ̀ ti lọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù tí kò gbàgbé ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó síbí ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n sì ti gbé e lọ jìnnà sí ibẹ̀, kò sì rí ẹni fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Báwo ló ṣe fẹ́ gbé oúnjẹ mì?

"Àjíkẹ́, ṣé ìwọ nìyẹn?" ó bèèrè. Ó ti pẹ́ tó ti pe oríkì rẹ̀ kẹ́yìn. "Ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ?"

"Èmi ni, Bàbá Mosún."

"Níbo?"

"Ìdí igi òroǹbó. Mo ti gbé àga síbẹ̀. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

Jímọ̀ bojú wo fóònù náà bóyá ó ti kú. Ìyá Mosún ń rò ó pé bóyá òun ti sọ ohun tí kò yẹ kí ìyá kankan sọ, pé bóyá ọkùnrin náà á bínú pé òun mọ̀.

"Ṣé òjò kò pa á?"

"Òjò kò pa á."

"Ṣé ó ti sùn?"

"Ó ti sùn, Bàbá Mosún. Ó sùn fọnfọn. Ẹ jẹun."

Ṣíbí kan abọ́. Ó gbéra sókè. Kò padà sílẹ̀ kíákíá bíi ti tẹ́lẹ̀. "Yéè!" Fẹ̀hìntọlá wí lọ́hùn-ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Màmá, ó la ẹnu! Ó gbé e mì! Ó tún ń la ẹnu o!"

Jímọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò ro ti ṣòkòtò funfun tó wọ̀. Ó gbé ojú sókè, ojú náà sì ti ń tàn, nítorí orí Jímọ̀ kì í pẹ́ ṣiṣẹ́. "Ìyá, Ọlọ́run ti bá wa ṣe é. Ẹ rí i bí? Ohùn yín ló fẹ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ ká ta ilé yìí, kí ẹ lọ sí Ṣakí, kí ẹ máa jókòó tì í. Bó bá bi yín léèrè ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó ní ọmọ wà, ó ti sùn. Báwo ló ṣe máa mọ̀?"

Kò ní mọ̀. Ìyá Mosún wò ó dáadáa, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó rí yàrá yẹn. Ó rí fèrèsé tó kọjú sí fèrèsé. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó mú ṣíbí dípò ọwọ́ irin, orí ọkọ rẹ̀ tó fara ti èjìká rẹ̀ bíi ti àtijọ́. Ó wù ú gan-an. Ọjọ́ tó kù fún wọn kò pọ̀, ta ni yóò sì fẹ̀sùn kan ìyàwó tó fẹ́ lò ó pẹ̀lú ọkọ rẹ̀?

Ṣùgbọ́n Alákàn á ti gbé ọmọ lọ. Ilẹ̀ gbogboògbò kò ní igi, kò ní orúkọ, wọn a máa da egungun pọ̀ mọ́ egungun níbẹ̀. Ọmọ kú, ó yá j'ọmọ nù. Ó ti tó ogójì ọdún tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Ṣé ẹnu òun ni yóò wá sọ ọ́ nù lónìí? Òun á sì máa jókòó ní Ṣakí, á máa wo ojú ẹni tó ṣọ́ ọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, á máa sọ fún un pé ó ti sùn.

Òjìji ewé kan ògiri.

"Ta ni yóò pe orúkọ rẹ̀?" Alákàn bèèrè.

"Ìyá," Jímọ̀ wí.

"Dákẹ́, Jímọ̀." Kò pariwo mọ́ ọn. "Ìṣọ̀lá ni. Ọmọ Látúndé ni, èmi Ìbídùn ni mo bí i."

Kò tíì fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti wọlé rẹ̀, kò sì tíì pe ti ọmọ náà láti ọjọ́ òjò yẹn. Méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ahọ́n rẹ̀ wúwo lẹ́yìn wọn.

Iná orí Alákàn di funfun. "Mo gbọ́. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ilé sàréè ni ilé yìí." Ó yọ ọ̀pá kékeré kan láti inú ikùn rẹ̀, ó gún un mọ́ ìdí igi, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rìn gba ẹ̀bá kànga jáde. Gbogbo rẹ̀ kò gbà á ní àkókò kankan.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣàṣẹ́gbọn dúró síbi tó wà. Ó fọwọ́ pa ògiri náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá Mosún yíjú sí i. "Kí Ọlọ́run sọ ìyàwó rẹ kalẹ̀ láyọ̀," ó wí. Ọkùnrin náà mi orí. Ó jáde lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ láìní ilé kankan tí yóò ròyìn fún un.

"Wọ́n á ta yàrá Ṣakí yẹn fún ẹlòmíì kí ilẹ̀ tó mọ́," Jímọ̀ wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ lè má fojú kan Bàbá mọ́, Ìyá. Orúnkún yín yìí..."

"Jímọ̀, mo mọ̀. Gbé àga Bàbá rẹ jáde wá fún mi. Èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ó gbé e wá. Àga onígi àtijọ́ ni, apá kan rẹ̀ ti sán láti ọjọ́ tí wọ́n jù ú mọ́lẹ̀ nítorí ilé ìdáná. Ìyá Mosún fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí ìdí igi, síbi tí ẹsẹ̀ àga ti gbẹ́ ihò mẹ́rin sí ilẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ inú ihò náà. Ó jókòó. Jímọ̀ gbọn erùpẹ̀ ara ṣòkòtò rẹ̀ nù, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ìgbà tí oòrùn wọ̀ tán ló sunkún. Ó sunkún tó bó ṣe yẹ kó ti sun ún nígbà náà, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó bú ọkọ rẹ̀ díẹ̀ láàárín ẹkún náà, ó sì tún dárí jì í. Nígbà tó yá, Fẹ̀hìntọlá pè é pé Bàbá ti jẹ ti alẹ́ pẹ̀lú, ó ti bèèrè ọmọ, wọ́n ti sọ fún un pé ìyá ọmọ wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà tan iná rẹ̀.

"Ìyá Mosún, ṣé ibí lẹ ó sùn lálẹ́ òní?"

Ó fi ìdí ìró nu ojú. Ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ pa ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Ibí ni," ó wí. "Àwa méjì ni."